Ẹ Má Tíì Gbé Sikánà Yín Jù Nù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Òǹkàwé yín kan kọ̀wé sójú ewé yìí pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń bá sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka ìwé àti fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá yí, àkókò rẹ̀ ló ń fi ṣòfò, kí ó yáa gbé e jù nù kí ó ra tuntun. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo bojú wo sikánà tèmi lórí tábìlì. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi ṣe ojú ìwé mẹ́rìnlélógún. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n dá onítọ̀hún lóhùn. N kò bá a jà o. Àwọn tó ka lẹ́tà rẹ̀, tí wọ́n sì ti ń wá ibi tí wọn yóò gbé tiwọn jù sí, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní onímọ̀ ẹ̀rọ. Sẹ́kẹ́tírì ni mí fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì. Taipuráítà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kọ̀ǹpútà ni mo fi parí rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé kí n máa nu ẹ̀rọ, kí n máa bò ó, kí n má sì fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìyẹn ni mo ṣe fún sikánà yìí. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan, ó kọ̀ fún mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kan báyìí tó ṣẹ́ lára rẹ̀.

Àpótí kan ni bàbá mi fi sílẹ̀. Lẹ́tà 212 ló wà nínú rẹ̀, lórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ojú sánmà tí tádàwà iwájú ń hàn lẹ́yìn. Àpòòwé nẹ́gẹ́tíìfù 38 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, fíìmù tí wọ́n gé ní mẹ́fà-mẹ́fà. Lẹ́tà ò le, fóònù lè ya lẹ́tà. Nẹ́gẹ́tíìfù ni iṣẹ́ wà níbẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀: mo na fíìmù sójú iná, mo fi fóònù yà á. Ohun tó jáde ni eruku, ìka ọwọ́ mi méjì, àti ojú àwọn èèyàn tó pọ́n bí ẹní sunkún mọ́jú. Nẹ́gẹ́tíìfù fẹ́ iná láti òkè, tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá dé ojú tó ń kà á. Sikánà mi ní iná yẹn nínú ìdérí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn sikánà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ ilé lónìí kò ní in. Nítorí náà, "ra tuntun" tí òǹkàwé yín sọ yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti ṣe bí ìdajì lẹ́tà náà nígbà kan, ni ayé bá gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́. Mo ti sikánà sínú páálí, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo tún gbé e jáde, mo so wáyà rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tẹ àmì sọ́fítíwíà rẹ̀. Fèrèsé kan ṣí. Funfun báláú! Kò sí bọ́tìnì, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ìkìlọ̀ kékeré kan yọ pé kí n fi Flash Player sórí ẹ̀rọ mi, kí n tẹ ibi báyìí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi lọ sójú ewé tó ń sọ fún mi pé Flash Player ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Flash fún àwọn ọmọ tí kò bá a láyé. Òun ló ń mú àwòrán rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà kan. Géèmù, fídíò àti ìpolówó tó ń fò sókè sódò, òun ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn. Lóṣù Keje ọdún 2017, Adobe tó ni ín kéde pé àwọn yóò dá a dúró, wọ́n sì dá a dúró lóòótọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2021, Flash fúnra rẹ̀ kọ̀ láti ṣí ohunkóhun, kódà lórí kọ̀ǹpútà tó ṣì wà. Lẹ́yìn náà ni Microsoft kó èyí tó wà nínú ikùn Windows kúrò. Àtúnṣe tí wọ́n fi kó o ń jẹ́ KB4577586. Nígbà tó di àárín ọdún 2021, wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ àwọn àtúnṣe tó máa ń wọlé fúnra wọn, bó bá sì ti wọlé, èèyàn kò lè yọ ọ́ mọ́. Kọ̀ǹpútà mi ti gba tirẹ̀. Kò kúkú bi mí.

Mi ò bá wọn jiyàn lórí pé Flash ní láti lọ. Ihò tí olè ń gbà wọlé pọ̀ lára rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ìkìlọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni èyí: kí ni sikánà ń fi ohun tó ń mú géèmù rìn ṣe? Mo rántí ojú sọ́fítíwíà náà nígbà tó ṣì pé. Bọ́tìnì ńláńlá mẹ́rin ló ní. Bí a bá gbé máòsì lé ọ̀kan, àwòrán bébà kékeré kan yóò yọ́ wọ inú àwòrán sikánà, iná àwọ̀ ewé yóò sì sáré kọjá lára rẹ̀. Ó dùn-ún wò. Ìyẹn nìkan ni Flash ń ṣe níbẹ̀, ọ̀ṣọ́! Ilé-iṣẹ́ tó ṣe sikánà náà dà bí ẹni tó kọ́lé tán, tó wá fi kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà sọ́wọ́ aládùúgbò. Aládùúgbò kó lọ, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání, èmi tí mo fi owó mi ra ilé ni mo wà níta.

Mo kọ̀wé sí wọn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Èsì tí wọ́n fún mi kò ju ìlà méjì lọ: pé àwọn kò ṣètìlẹ́yìn fún irú èyí mọ́, àti pé kí n wo àwọn tuntun tó wà lójú ewé àwọn. Mo lọ wo ojú ewé náà. Ibi tí èèyàn ti lè gba sọ́fítíwíà sikánà mi tẹ́lẹ̀ ti di òfìfo.

Ibi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti bọ́ sínú kòtò nìyí, mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín tẹ́tí sí i dáadáa. Mo tẹ ọ̀rọ̀ inú ìkìlọ̀ yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, oríṣiríṣi ojú ewé sì yọ. Ọ̀kan ní òun ní Flash tí kò ní àgádágodo. Òmíràn ní òun yóò fún mi ní fáìlì kan ṣoṣo tó sọnù lára Windows mi, ọ̀fẹ́ ni, kí n ṣáà tẹ bọ́tìnì àwọ̀ ewé. Bọ́tìnì àwọ̀ ewé mẹ́ta ló wà lójú ewé kan náà, bẹ́ẹ̀ kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú wọn. Ọwọ́ mi ti wà lórí máòsì nígbà tí fóònù dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Mo ròyìn fún un.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára máòsì yẹn ná."

Mo gbọ́wọ́ kúrò. Ó ní kò sẹ́ni tó ń dí ihò Flash mọ́. Ó ní Adobe tó ṣe é gan-an ló ń rọ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ wọn, àti pé ẹni tó ń pín fáìlì Windows lọ́fẹ̀ẹ́ lójú títì, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ ohun tó dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè kan tó yẹ kí n ti bi ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé sikánà ló kọ̀ fún yín ni, àbí ojú tí ẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀?"

Mo ní ọ̀kan náà kọ́ ni? Ó ní rárá, mà. Ó wá là á yé mi, bí ó sì ṣe là á ni mo ṣe ń là á fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ láti ìgbà náà.

Nǹkan mẹ́ta ló dúró lórí ara wọn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ̀rọ wà, gíláàsì, iná, mọ́tò àti ojú tó ń kàwé. Òkè pátápátá ni ojú wà, sọ́fítíwíà tó ní bọ́tìnì àti ọ̀ṣọ́. Láàárín wọn ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní driver. Èmi ń pè é ní dẹ́rẹ́bà, nítorí iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà gan-an ló ń ṣe: òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń wa ẹ̀rọ yìí, ìyókù kàn ń jókòó sẹ́yìn ni. Flash kò kan ẹ̀rọ. Flash kò kan dẹ́rẹ́bà. Ojú nìkan ló bá kú. Níwọ̀n bí dẹ́rẹ́bà bá sì ti wà, ojú mìíràn lè gbé iṣẹ́ fún un.

Èyí ṣeé ṣe nítorí pé láti ọdún 1992 ni àwọn tó ń ṣe sikánà àti àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ti fẹnu kò lórí èdè kan tí wọn yóò máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. TWAIN lorúkọ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó bá gbọ́ TWAIN, sọ́fítíwíà èyíkéyìí tó gbọ́ TWAIN lè rán an níṣẹ́, ì báà má ti ilé-iṣẹ́ kan náà wá. Microsoft náà gbé tirẹ̀ dé ní ọdún 2000, ó pè é ní WIA. Òun rọrùn ju TWAIN lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọmọ náà ní kí n lọ wò ó bóyá dẹ́rẹ́bà mi ṣì wà láàyè. Mo ṣí ibi tí wọ́n kọ C sí nínú kọ̀ǹpútà, mo ṣí fódà Windows, mo wá fódà tó ń jẹ́ twain_32. Inú rẹ̀ ni mo ti rí fódà kékeré kan tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe sikánà mi, fáìlì kan sì wà nínú rẹ̀ tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .ds. Òun nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti fi CD sikánà náà sínú kọ̀ǹpútà ló ti jókòó síbẹ̀, tó ń dúró kí wọ́n rán òun níṣẹ́, nígbà tí èmi ń bá fèrèsé funfun ṣe wàhálà.

Ó kù kí a wá ojú tuntun fún un. Àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú, sọ́fítíwíà fọ́tò kan tí mo ti ní tẹ́lẹ̀, ní òun kò rí sikánà kankan. Ara mi tutù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní sọ́fítíwíà yẹn jẹ́ ti bíìtì 64, dẹ́rẹ́bà mi sì jẹ́ ti bíìtì 32, ti ayé àtijọ́, àwọn méjèèjì kò lè jókòó sínú ọkọ̀ kan náà. Kì í ṣe pé dẹ́rẹ́bà kò sí, ẹni tó ń wá a ni kò lè rí i. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbé sikánà jù nù ní ibi tí mo dé yìí gan-an, nítorí wọ́n rí "kò sí sikánà", wọ́n sì gbà á gbọ́.

Èyí tó wá ṣiṣẹ́ ni sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ NAPS2. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ wò. Ojú ewé tirẹ̀ gan-an ni mo ti gbà á, n kò gbà á níbi bọ́tìnì àwọ̀ ewé mẹ́ta. Ó ní ìránṣẹ́ oníbíìtì 32 tó ń rán sí àwọn dẹ́rẹ́bà àtijọ́, nítorí náà kò sí ìjà láàárín wọn. Nígbà tí mo fẹ́ tọ́ka sikánà fún un, ó bi mí bóyá WIA ni mo fẹ́ àbí TWAIN. Mo mú WIA nítorí òun ló wà lókè. Mo gbé lẹ́tà kan lé gíláàsì, mo tẹ bọ́tìnì, iná rìn, lẹ́tà bàbá mi yọ lójú kọ̀ǹpútà, tádàwà rẹ̀ dúdú kedere. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá ibi tí n óò ti sọ fún un pé fíìmù ni mo fẹ́ ṣe, kò síbẹ̀. Mo wá a títí.

Mo pa dà, mo yan TWAIN. Kí n má purọ́ fún yín, mo pariwo. Fèrèsé kan ṣí tí mo mọ̀ dáadáa, eléérú, tó burẹ́wà, tí kò ní ọ̀ṣọ́ kan, tó ní àpótí kéékèèké tó kún fún nọ́ńbà. Fèrèsé tí dẹ́rẹ́bà náà ní nínú ara rẹ̀ nìyẹn, ti ilé-iṣẹ́ yẹn gan-an. Mo ti máa ń rí i tẹ́lẹ̀ bí mo bá tẹ "síwájú sí i" nínú ojú ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ yẹn. Lókè rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gbàgàdà: ìwé, fíìmù, nẹ́gẹ́tíìfù. Gbogbo ohun tí sikánà yìí lè ṣe pátá wà níbẹ̀, kò sì fìgbà kankan nílò Flash.

Mo tẹ fíìmù. Sikánà ké. Kì í ṣe ariwo tí mo mọ̀ o, ìró bí ẹní ń fi irin ha irin ni. Mo fa wáyà yọ, àyà mi ń já. Mo ti ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kí n tó rántí pé nígbà tí mo fẹ́ tì í sínú páálí, mo ti yí kọ́kọ́rọ́ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí apá inú rẹ̀ má baà máa mì. Àgádágodo ìrìnnà ni, ó wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn àtijọ́. Mo yí i pa dà, ìró náà dákẹ́. Nítorí náà, bí ti ẹlòmíràn bá ń ké, ẹ kọ́kọ́ dà á bolẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó pè é ní òkú.

Ojú fíìmù kan kò ju mílímítà 36 sí 24 lọ. Mo ṣe é ní 2400 dpi, ìyẹn iye tóótò tó wà nínú íńṣì kan, ohun tó sì jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tóótò 3,400 ní ìbú àti 2,270 ní gíga, ó tó láti tẹ̀ sórí bébà ńlá. Lẹ́tà kò nílò ju 300 lọ. Bébà A4 ní 300 yóò fún yín ní 2,480 sí 3,508. Àwọn nọ́ńbà gbàràgàdà tí wọ́n máa ń kọ sára páálí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tàn yín, èyí tó bá kọjá agbára gíláàsì, kọ̀ǹpútà ló ń méfò rẹ̀. Fáìlì àwòrán TIFF ni mo ń fi pamọ́, mo sì ń fi PDF ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò mi, tí wọ́n máa ń pè mí lóru láti bi mí pé ta ni "ọ̀gbẹ́ni yẹn" tí bàbá wa ń bú nínú lẹ́tà kọkàndínlógún. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

N kò sọ pé gbogbo èèyàn ni yóò rí i rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà Mac, láti ìgbà macOS Catalina, ètò tó ń darí Mac, tó jáde ní ọdún 2019 ni ẹ̀rọ náà ti kọ gbogbo ohun oníbíìtì 32 pátápátá, nítorí náà dẹ́rẹ́bà bíi tèmi kò lè dìde níbẹ̀. Ẹni tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ bá ti kú lè ra sọ́fítíwíà VueScan, tó gbé dẹ́rẹ́bà tirẹ̀ dání fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún sikánà. Ẹni tó bá gbọ́ Linux díẹ̀, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, lè lo SANE, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní àkójọ orúkọ tí èèyàn lè wò bóyá tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sílẹ̀ fún sikánà nìkan, kò sì jẹ́ kó fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì láé, ó ń fi fúláàṣì USB kó iṣẹ́ jáde. Ìyẹn náà dára, bí àyè bá wà lórí tábìlì.

Òǹkàwé yín yóò ní mo ń dáàbò bo gbogbo àlòkù. Rárá o. Mo gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan jù nù fúnra mi nígbà kan, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣe yíǹkì rẹ̀ mọ́, n kò sì lè ṣe yíǹkì nílé. Ohun tó kú ni mo gbé jù nù. Ohun tí n kò gbà ni kí wọ́n ní òkú ni ohun tó ń mí, nítorí pé aṣọ ọrùn rẹ̀ ya.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí ni mo ní ẹjọ́ wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fi ohun ẹlòmíràn ṣe ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí, kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹni kẹta bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni tòun náà lè tì. Ní tèmi, ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ láti yọ ọ̀ṣọ́ yẹn kúrò. Kò tilẹ̀ gbà á ju kí wọ́n sọ fún wa pé: ẹ fi ojú yìí sílẹ̀, dẹ́rẹ́bà yín ṣì dára, ẹ fi sọ́fítíwíà mìíràn pè é. Ìlà méjì tí wọ́n fi sọ fún mi pé kí n lọ ra tuntun ì bá gba ọ̀rọ̀ yẹn. Èyí tó sì dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe pa ojú ewé dẹ́rẹ́bà náà rẹ́. Fáìlì tí kò tó orin mẹ́wàá! Kí ló ń ná wọn láti fi í síbẹ̀? Ọpẹ́lọpẹ́ CD tí mo fi sínú àpòòwé, tí mo kọ orúkọ sí lára. Bí kò bá sí i, tí kọ̀ǹpútà yìí sì kú lọ́la, kì bá sí ibi tí n óò ti rí dẹ́rẹ́bà mú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí CD sikánà yín ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ dà á kọ sórí fúláàṣì USB kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, kí ẹ sì tún dà á kọ síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò tilẹ̀ ní ojú CD mọ́. Olóòtú, bí àyè bá wà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọ abala ẹ̀rọ fún yín ya àwòrán fódà twain_32 yẹn sínú ìwé ìròyìn, kí àwọn ẹgbẹ́ mi tí kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n lórí fóònù lè fojú rí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn ló sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ dìde pé fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ báyìí kà sínú kọ̀ǹpútà, lọ́dún 1957 ní Amẹ́ríkà, fọ́tò ọmọ jòjòló ni. Ọkùnrin tó ṣe é, Russell Kirsch, ló bí ọmọ náà, ọmọ oṣù mẹ́ta sì ni nígbà yẹn. Tóótò 176 sí 176 péré ni gbogbo àwòrán náà. Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́ díẹ̀. Nẹ́gẹ́tíìfù tó kọ́kọ́ jáde fún mi wà lójú kọ̀ǹpútà lákòókò náà: bàbá mi, ó gbé àbúrò mi kẹta dání bí ẹní gbé ẹyin, ojú rẹ̀ le, ẹsẹ̀ ọmọ sì wà lẹ́nu rẹ̀. N kò rí fọ́tò yẹn rí láyé mi. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ rí.

Àpòòwé mọ́kànlá ló kù. Iná ìdérí ti gbóná báyìí, ẹ jẹ́ kí n pa dà sídìí iṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Sẹ́kẹ́tírì tó ti fẹ̀yìn tì